Wọ́n Sun Wọ́n Mọ́lé: Ọ̀rọ̀ Ìdílé Donnelly ti Biddulph

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ nínú yìnyín yìí, mo kí yín o. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú àfaradà. Ẹ kú làálàá ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́yìn, àyè ṣì wà níwájú níbí, ẹ máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ìlú kan náà ṣe ń bá ara wọn gbé ní òkèèrè. Ìtàn ìdílé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ìdílé náà kì í ṣe dúdú, wọn kì í sì í ṣe Yorùbá. Ará Ireland ni wọ́n, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n sì gbé ayé. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti kú kò jìnnà sí wa. Ẹ gbé mọ́tò ní London ti Ontario yìí, ẹ dorí kọ àríwá, kò ní tó wákàtí kan tí ẹ ó fi dé Lucan, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Biddulph.

Ní òru ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1880, èèyàn márùn-ún nínú ìdílé Donnelly kú ikú oró níbẹ̀. Mẹ́rin kú nínú ilé kan, wọ́n sì dáná sun ilé náà mọ́ wọn lórí. Ẹnìkarùn-ún ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé mìíràn. Ta ló pa wọ́n? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tó kórìíra ará Ireland ni? Ṣé olè tó ń wá owó ni? Rárá o. Ará Ireland bíi tiwọn ni. Kátólíìkì bíi tiwọn ni. Púpọ̀ nínú wọn, Tipperary ni wọ́n ti wá, agbègbè kan náà tí àwọn Donnelly ti wá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí wọ́n jọ ń kúnlẹ̀ gba ara Olúwa ni wọ́n lọ ká mọ́lé lóru. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi parí ẹ̀: bí ikú ilé ò bá pani… ẹ ṣé. Tòde ò lè pani.

Ilẹ̀ tí wọ́n dé bá

Kí n tó dórí àwọn Donnelly, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀. N ò lè sọ̀rọ̀ Biddulph níwájú ẹ̀yin kí n má dárúkọ àwọn dúdú tó kọ́kọ́ gé igbó ibẹ̀.

Ní 1829, ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ jí òfin àtijọ́ kan dìde, pé dúdú tó bá fẹ́ gbé ìpínlẹ̀ Ohio gbọ́dọ̀ rí onídùúró tó tó 500 dọ́là. Ta ló ní 500 dọ́là nígbà náà? Àwọn jàǹdùkú funfun tún kọlù wọ́n nílé wọn. Àwọn kan bá dìde, wọ́n kọjá sí Kánádà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Quaker, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan, ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ra 800 éékà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀, Canada Company. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Wilberforce. Wọ́n gé igi, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ yẹn ní òun ò ní ta ilẹ̀ fún dúdú mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ireland ni wọ́n ń tà á fún. Nígbà tó di 1848, iná sọ ní abà àwọn ìdílé dúdú tó ṣẹ́kù, kì í sì í ṣe iná tó ṣèèṣì. Wilberforce tú díẹ̀díẹ̀. Orí rẹ̀ ni Lucan dúró sí lónìí.

Mo ní kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìlú tí wọ́n bá ti lè dáná sun abà dúdú, ìlú yẹn ti mọ iná lò.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn tí mo torí wọn dìde. James Donnelly ni bàbá, wọ́n bí i ní Tipperary ní 1816. Johannah Magee ni ìyá. Wọ́n kúrò nílé lẹ́yìn 1840, wọ́n dé Biddulph, wọ́n sì bí ọmọkùnrin méje àti ọmọbìnrin kan. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ni àwọn èèyàn ń pè ní Roman Line, nítorí Kátólíìkì ló kún ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Báwo ni James ṣe rí ilẹ̀? Ó rí igbó tí ẹnikẹ́ni ò dá oko sí, 100 éékà, ó wọ̀ ọ́. Kò san owó, kò sì gba ìwé. Ó gé igi. Ó kọ́ ilé onígi. Ó gbin ọkà. Nílé wọn ní Ireland, onílẹ̀ kì í gbé àdúgbò, ẹni tó ń dáko ni ìyà ibẹ̀ ń jẹ. Ó rò pé ẹni tó bá fi òógùn rẹ̀ sọ igbó di oko ló ni ín. Bí ọdún mẹ́wàá ló fi wà níbẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ náà ní olówó, ó sì ní ìwé. Olówó ilẹ̀ fi apá kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kan Patrick Farrell. Ní 1856, ẹjọ́ dé kóòtù. Kóòtù dá a sí méjì: 50 éékà fún Donnelly ní apá àríwá, 50 éékà fún Farrell ní gúúsù.

Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin méjì tí wọ́n ti kórìíra ara wọn ni òfin ní kí wọ́n máa jí lójoojúmọ́, kí wọ́n máa wo ara wọn lórí ilẹ̀ tí ọ̀kan rò pé wọ́n jí mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ti rí irú rẹ̀ nílé wa, ẹ̀yin náà ti rí i. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti wọ kóòtù, ìdájọ́ kì í parí ẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1857, wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko aládùúgbò kan. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Kánádà, ọ̀wẹ̀ ni kí gbogbo àdúgbò péjọ bá ẹnìkan ṣiṣẹ́ oko, kí onítọ̀hún sì fi oúnjẹ àti ọtí ṣe wọ́n lálejò. Àwọn ará Ireland náà ń ṣe é. Gẹdú ni wọ́n ń yí lọ́jọ́ náà, ọtí sì pọ̀. Donnelly wà níbẹ̀. Farrell wà níbẹ̀. Wọ́n yọ ẹnu síra wọn, wọ́n wọ̀jà. Donnelly gbé igi tí wọ́n fi ń yí gẹdú, ó sọ ọ́ mọ́ Farrell lórí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Farrell kú.

Mi ò wá síbí láti sọ pé ẹni mímọ́ ni àwọn Donnelly. James pa èèyàn. Ó sá wọ igbó fún bí ọdún kan. Wọ́n ní ó máa ń wọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní oko ara rẹ̀ kí wọ́n má baà dá a mọ̀ láti ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún un.

Johannah kò jókòó sunkún. Ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ káàkiri, ó ń kan ilẹ̀kùn kan dé òmíràn, ó ń bẹ àwọn aládùúgbò kan náà kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n sì fọwọ́ sí i, wọ́n pọ̀. Ìjọba gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó yí ikú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ní Kingston. Obìnrin yìí nìkan ló dá oko yẹn, ló sì tọ́ ọmọ mẹ́jọ, títí bàbá fi jáde ní 1865. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, wọ́n máa ń sọ pé òun ló kọ́ àwọn ọmọ ní ìjà. Mo ka ìyẹn sí àìmoore. Aládùúgbò tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ irú obìnrin tó jẹ́.

Àwọn ọmọkùnrin méje

Mo fẹ́ yára kọjá níbí. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n taagun, wọ́n lẹ́wà, wọn kì í gba ìyà. William, tí wọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní wíwọ́, ló gbọ́n jù, ó mọ̀wé, ó sì mọ òfin. Ní 1873, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò láti London gba Lucan lọ sí Exeter. Wọ́n ń jẹ èrè. Àwọn kan náà ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní ojú ọ̀nà kan náà. Ìjà èrò di ìjà ẹṣin: wọ́n ń gé ẹṣin lára, wọ́n ń rẹ́ kẹ̀kẹ́, ilé ẹṣin ń jóná lóru. Ta ló ń ṣe é? Donnelly ṣe tirẹ̀, àwọn ọ̀tá wọn ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ohunkóhun tó bá ti bàjẹ́ ní Biddulph, kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ Donnelly ni wọ́n máa fi pè é.

James kékeré kú ní 1877. Wọ́n pa Michael nínú ìjà ilé ọtí ní oṣù kejìlá 1879. Màmá ti sin ọmọ méjì.

Ìwé àlàáfíà nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní 1879, fadá tuntun kan, John Connolly, dé ṣọ́ọ̀ṣì St. Patrick. Ó bá ìjọ tó ń jà. Ó fẹ́ kí ìjà tán. Mo gbà pé ọkàn rere ló fi ṣe é. Ó gbé ìwé kan kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí àwọn ọmọ ìjọ wá fọwọ́ sí i: ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà pé wọ́n lè wá yẹ ilé òun wò bí nǹkan ẹlòmíràn bá sọnù. Ẹgbẹ́ àlàáfíà ni wọ́n pè é. Àwọn Donnelly ò fọwọ́ sí i.

Ẹ bi ara yín: ìwọ tí o ti mọ̀ pé gbogbo ìlú ló ń fura sí ọ, ṣé o máa fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n máa ya wọ ilé rẹ nígbà tó bá wù wọ́n? Àmọ́ lójú ìjọ, ẹni tó kọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá àlàáfíà.

Àwọn kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i tún yà sọ́tọ̀. Wọ́n ń ṣe ìpàdé òru ní ilé ìwé kan tó wà lẹ́bàá àbàtà, wọ́n sì búra. Ẹ rántí pé Tipperary ni wọ́n ti wá. Ní Ireland ayé ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ máa ń búra ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n máa ń jáde lóru dáná sun abà, wọ́n máa ń gé ẹran ọ̀sìn lára, láti bá àwọn onílẹ̀ tó ń ni wọ́n lára jà. Wọ́n gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá aninilára jà nílé kọjá òkun, nígbà tí wọ́n dé ibi tí aninilára kò sí mọ́, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìdílé kan láàárín ara wọn.

Màlúù ọkùnrin kan sọnù. Wọ́n rọ́ lọ sí ilé Donnelly, wọ́n tú oko àti abà. Wọn ò rí i. Màlúù náà jáde lẹ́yìn náà láti inú igbó olówó rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni lọ bẹ Donnelly? Kò sí. Wọ́n ṣètò kí James Carroll, ọ̀kan nínú àwọn tó kórìíra ìdílé náà jù, di kọ́ńsítébù. Ẹ rí i pé wọ́n ti ní ìwé, wọ́n ti ní ìbúra, wọ́n wá ní aṣọ ìjọba.

Ní oṣù kìíní 1880, abà Patrick Ryder jóná. Àwọn ọmọ Donnelly wà níbi ìgbéyàwó lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo èèyàn sì rí wọn. Wọ́n bá ní bàbá àti ìyá ló ṣe é. Bàbá ti lé ní 60 ọdún. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn bàbá wa wí. Ìlú yìí ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá kó tó dá a.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí kí n sọ ti wa. Ṣé kò sí irú ẹ̀ láàárín wa? Ìyá kan bá aládùúgbò rẹ̀ jà lórí owó àjọ, ó gbé fóònù, ó pe àwọn aṣọ́bodè, ó ní ìwé ìgbélùú onítọ̀hún kò pé. Ọkùnrin kan ní èdè-àìyedè pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e sórí WhatsApp gbogbo ẹgbẹ́, nígbà tó fi máa di alẹ́, igba èèyàn tí kò gbọ́ ẹnu ẹnìkejì ti pè é ní ọ̀daràn. Mo bá ìdílé kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n dá padà sílé nítorí ìpè fóònù irú èyí. Ìyàwó ní ohun tó ń dun òun jù ni pé ẹni tó pè náà ló gbé òun lọ sílé ìwòsàn nígbà tí òun fẹ́ bímọ.

Òru ọjọ́ kẹrin

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, bàbá àti ìyá ní láti lọ jẹ́jọ́ iná Ryder ní Granton. Wọ́n bá ní kí ọmọkùnrin kékeré kan láti Lucan, Johnny O'Connor, wá sùn mọ́jú kó lè bá wọn bọ́ ẹran ní àárọ̀. Òun àti bàbá àgbà jọ sùn lórí ibùsùn kan. Màmá sùn pẹ̀lú Bridget, ọmọ tí ọmọ ìyá James kan bí ní Ireland, tí kò tíì pẹ́ tó dé. Tom, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, sùn ní yàrá tirẹ̀.

Ní ọ̀gànjọ́, Carroll wọlé pẹ̀lú àbẹ́là. Ó ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Tom lọ́wọ́. Bàbá dìde, ó ń wọṣọ, ó ń wá ẹ̀wù òtútù rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀wù náà ni Johnny fi ṣe ìrọ̀rí. Ọmọ yẹn fà á yọ lábẹ́ orí rẹ̀, ó nà án sí bàbá. Tom ní kí Carroll ka ìwé àṣẹ tó fi wá. Carroll ní àkókò ṣì wà fún ìyẹn.

Lẹ́ẹ̀kan náà, ilé kún. Wọ́n ya wọlé pẹ̀lú kùmọ̀, wọ́n ń lù. Bridget sáré gun òkè. Johnny tẹ̀lé e, ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ọn lójú, ó yí padà, ó kó sábẹ́ ibùsùn, ó fi agbọ̀n aṣọ bo ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti rí ohun tó rí. Tom já gba iwájú jáde, wọ́n lé e bá nínú yìnyín, wọ́n gbé e wọlé padà, wọ́n sọ ọ́ mọ́lẹ̀, Johnny sì gbọ́ bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣe dún. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi ṣọ́bìrì fọ́ ọ lórí. Wọ́n fọ́ ọ. Ẹnìkan bèèrè pé ọmọbìnrin yẹn ńkọ́. Wọ́n gun òkè.

Wọ́n da kẹrosínì sórí ibùsùn tí ọmọ náà wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n jáde. Ọmọ yẹn jáde lábẹ́ iná, ó gba àárín òkú kọjá, ó sá nínú yìnyín láìwọ bàtà lọ sí ilé aládùúgbò tó kọjú sí wọn.

Wọn ò tíì parí iṣẹ́. Wọ́n lọ sí ilé William ní Whalen's Corners. Wọ́n ké pé "Iná! Iná! William, ṣílẹ̀kùn!" John, àbúrò rẹ̀ tó sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ yẹn, ló dìde lọ ṣí i. Ìbọn dún. Wọ́n rò pé William ni. William wà nínú yàrá, ó ń yọjú gba fèrèsé, ó sì ń dá ojú mọ̀, títí kan ẹ̀gbọ́n ìyàwó ara rẹ̀.

Kóòtù London

Ṣé ẹ rò pé wọ́n jìyà? Ẹlẹ́rìí wà. Ọmọ tó wà lábẹ́ ibùsùn dárúkọ. William dárúkọ. Ìjọba mú Carroll àti àwọn mìíràn. Agbẹjọ́rò ìjọba bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé ẹjọ́ kúrò ní agbègbè yẹn lọ síbi tí àwọn jùrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́, kò ti ní bẹ̀rù. Kóòtù kọ̀. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ní London ní oṣù kẹwàá 1880. Ẹnu àwọn jùrì ò kò. Wọ́n tún un gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1881. Ọmọ kékeré yẹn tún jókòó níwájú ogunlọ́gọ̀, ó tún un sọ, ẹnu rẹ̀ ò yẹ̀. Àwọn jùrì ní Carroll kò jẹ̀bi. Wọ́n dá àwọn tó kù sílẹ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan nítorí òkú márùn-ún yẹn lẹ́yìn ìdájọ́.

Bí ẹ bá bi mí, kì í ṣe pé wọn ò gba ọmọ náà gbọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ jù. Bí okùn bá kan Carroll, ó tó ọgbọ̀n èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó jáde lóru yẹn, àgbẹ̀ tó nílé, tó níyàwó, tó ń gbé àpótí ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò dá odidi àdúgbò lẹ́bi? James Donnelly pa ẹnìkan nínú ìjà ọtí, wọ́n fẹ́ yẹgi fún un, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ọ̀pọ̀ èèyàn pa márùn-ún pẹ̀lú ìpinnu, wọ́n lọ sílé lọ jẹun. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú ìtàn yìí, mi ò sì fi pa mọ́.

William kò sá kúrò ní Ontario. Ó ṣe kọ́ńsítébù, ó ṣe òtẹ́ẹ̀lì ní Appin, ó kú ní 1897 lórí ibùsùn rẹ̀. Ní 1889, àwọn tó ṣẹ́kù gbé òkúta ńlá lé ibojì àwọn èèyàn wọn ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St. Patrick, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ṣe ni wọ́n pa wọ́n. Òkúta yẹn dúró fún ohun tó lé ní 70 ọdún lójú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣe é. Àwọn tó ń wá wò ó pọ̀ jù, wọ́n yọ ọ́ ní 1964, wọ́n fi òmíràn sí i tó sọ ọjọ́ tí wọ́n kú nìkan. Ní Lucan, ìran kan lọ, òmíràn dé, àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ọmọ dárúkọ Donnelly nínú ilé. Ìsinsìnyí ni wọ́n ní mùsíọ́mù tó ń sọ ọ́.

Mo ti bá alága sọ̀rọ̀. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, ẹgbẹ́ máa gba bọ́ọ̀sì kan lọ sí Lucan, ká wo mùsíọ́mù yẹn, ká wo ibojì náà, ká sì tún béèrè ibi tí àwọn ará Wilberforce sin òkú wọn sí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó jáde lónìí, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání, àwọn tó ti tó gbọ́ ọ. Mo rí ọwọ́ bàbá kan lókè láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ forí jì mí, sà, ẹ dìde, ẹ bi mí.